Bátìrì Tuntun Dákẹ́ Lóru, Òtútù Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gbé Màmá Lọ!

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bátìrì ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní líthíọ́ọ̀mù ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó lè ku díẹ̀ kó dákẹ́, síbẹ̀ yóò máa tan iná yòò bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ bi bàbá kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó ń gbé nítòsí ìlú Dallas ní ìpínlẹ̀ Texas, l'Amẹ́ríkà. Kò ní í dá yín lóhùn kíákíá, orí ni yóò kọ́kọ́ mì. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ojú bàbá náà rí màbo.

Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ilé onítáyà. Kì í ṣe tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn là ń wí o. Ilé ni, ilé gidi, àmọ́ táyà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà, ilé ìwẹ̀ wà, ẹ̀rọ onígáàsì tó ń mú ilé gbóná náà wà. Wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n á fà á lọ sínú igbó tàbí etí odò, níbi tí wáyà iná kò dé. Bátìrì ló ń bá wọn tan iná níbẹ̀, páńẹ̀lì sólà tó wà lórí òrùlé ló sì ń bọ́ bátìrì.

Bátìrì olómi, irú èyí tó wà nínú mọ́tò, ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ 100 sí lára nínú irú wọn máa ń wúwo tó kílò 30, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kéèyàn lò ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ, tí kò bá fẹ́ kó tètè bàjẹ́. Líthíọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ 100 sí lára kò ju nǹkan bíi kílò 13 lọ, èèyàn sì lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ láìsí wàhálà. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi ná owó ńlá lé e. Ó yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun sínú àpótí kan náà lórí irin iwájú ilé onítáyà, níta gbangba, ó so wáyà méjèèjì, ó gbọnwọ́ nù. Ó parí.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ yunifásítì, ti ka ìwé tó bá bátìrì náà wá. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan mẹ́ta ni ìwé yìí sọ. Ẹ jẹ́ ká gbé e wọ inú ilé, torí òtútù. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ṣájà, torí ti bátìrì olómi nìyí. Ẹ sì jẹ́ ká ra mítà tó ń ka iná."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Ìgbà tí mo ti ń tún iná ọkọ̀ ṣe, wọn ò tíì bí ọ. Bátìrì ni bátìrì ń jẹ́. Mítà wo lo tún ń wí, nígbà tí èyí tó wà lára ògiri ń ṣiṣẹ́?"

Ìyàwó rẹ̀ dá sí i pé, "Dádì, ẹ ṣáà gbọ́ tọmọ."

Bàbá ní owó mítà yẹn á ra ewúrẹ́ méjì n'Íléṣà. Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀.

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò gbà fún un. Ní òru ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì ọdún 2021, yìnyín bo gbogbo ìpínlẹ̀ Texas. Ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná dì, páìpù gáàsì dì, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń fa iná láti fi mú ilé gbóná. Àwọn tó ń ṣàkóso iná bẹ̀rẹ̀ sí í já a, káàkiri adúgbò. Kó tó rọlẹ̀, ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 4.5 ni kò níná. Lóru ọjọ́ kẹrìndínlógún, òtútù Dallas já wálẹ̀ sí 19 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹja tútù, fìríìsà yín tó dì í gbagidi, 18 nísàlẹ̀ òdo ló máa ń wà. Ẹ wá wò ó.

Ìyá ìyàwó wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹni ọdún 78 ni Màmá, Iléṣà ló ti wá wo ọmọ-ọmọ. Iná ló ń mú ilé ńlá gbóná, iná sì ti lọ. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n gbé ààrò eléèédú wọ pálọ̀. Ìyàwó figbe ta: "Ẹ má pa wá o! Ṣé ẹ ò mọ̀ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ti pa odidi ìdílé rí ní Nàìjíríà?" Ó jàre. Èéfín irú bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó pa èèyàn ní Texas lọ́sẹ̀ náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka òkú 246 lórí ọ̀rọ̀ ìjì yìí, òtútù ló sì pa èyí tó pọ̀ jù.

Bàbá ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun ní ilé onítáyà nínú ọgbà. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn kó wọ ibẹ̀. Gáàsì ń jó, fáànù ń fẹ́ ooru jáde, Màmá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ínfátà tan bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná fún un. Bàbá tẹ bọ́tìnnì mítà ara ògiri, iná wínníwínní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn: ó kún. Agogo mẹ́sàn-án, ó kún. Agogo méjìlá òru, ó kún. Bàbá ní, "Ẹ ò rí i? Owó ewúrẹ́ mi wà lápò." Ó sùn.

Ní agogo mẹ́rin ìdájí, gbogbo nǹkan dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná kú, fáànù kú. Gáàsì kún inú sìlíńdà o, àmọ́ ẹ̀rọ yẹn kì í jó bí fáànù rẹ̀ kò bá yí. Kó tó tó wákàtí kan, ilé onítáyà ti di fìríìsà. Màmá ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, kò gbọ̀n mọ́, ohùn rẹ̀ ń fà. Ó ní, "Ọmọ mi, n ò mọ ẹsẹ̀ mi mọ́." Ẹni tí òtútù mú tí kò gbọ̀n mọ́, ọ̀nà ọ̀run ló ń wò yẹn. Ìyàwó bú sẹ́kún. Wọ́n pe ọkọ̀ aláìsàn, wọ́n ní yìnyín ti dí ọ̀nà, kí wọ́n ní sùúrù.

Wọ́n gbé Màmá sínú ọkọ̀ bàbá, wọ́n tan ooru ọkọ̀. Ọmọ fi wáyà gbọọrọ fa iná láti ara ọkọ̀ sí bátìrì ilé onítáyà. Fáànù yí! Wọ́n pariwo ayọ̀. Wọ́n jẹ́ kó gbà á fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n pa ọkọ̀ nítorí epo. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bátìrì kò gba ẹyọ kan. Epo ọkọ̀ sì ti kan pupa, kò sí ilé epo tó níná tí yóò fi fà á sínú ọkọ̀.

Ìgbà náà ni ọmọ sọ pé, "Dádì, òtútù ni. Bátìrì yìí kì í gba ṣáàjì tó bá ti wà nísàlẹ̀ òdo. Ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ ló tìlẹ̀kùn."

Bàbá ò jiyàn mọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Gbé sípánà wá." Ó lọ síbi ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó tú bátìrì olómi inú rẹ̀, ó gbé e wá, ó so ó mọ́ ilé onítáyà, pẹ̀lú ọwọ́ tó ti kú tipiri. Fáànù yí. Gáàsì jó. Kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Màmá ti ń béèrè ẹ̀kọ gbígbóná. Lọ́jọ́ kejì oòrùn yọ, sólà ń bọ́ bátìrì olómi náà. Wọ́n gbé líthíọ́ọ̀mù sínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó móoru. Nígbà tó di ọ̀sán tí ara rẹ̀ yọ́, ó gba ṣáàjì bí ọmọ rere.

Kí ló dé tí mítà ara ògiri fi purọ́? Kò purọ́. Bátìrì olómi ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tó ń wò ni fóòtì. Bátìrì olómi tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi fóòtì 12.7. Bó bá ku ìdajì, yóò wà ní nǹkan bíi 12.2. Bí epo ṣe ń tán nínú àtùpà tí iná rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí. Líthíọ́ọ̀mù kò mọ ìyẹn. Bó bá kún tó sì sinmi, nǹkan bíi fóòtì 13.4 ni, bó bá ku ìdajì, nǹkan bíi 13.1, kódà bó bá ku ìdá kan nínú márùn-ún, á ṣì wà ní nǹkan bíi 12.9. Líthíọ́ọ̀mù tó ń kú lọ ní fóòtì ju bátìrì olómi tó kún lọ! Kò sóhun tó lè mú kí iná wínníwínní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin má tàn. Nígbà tó bá wá tán, ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀, ìyẹn B.M.S., á já a lẹ́ẹ̀kan náà kó má bàa bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bátìrì 100 túmọ̀ sí pé ó lè fúnni ní áńpù kan fún wákàtí 100. Fáànù ń jẹ nǹkan bí áńpù 7 nígbà tó bá ń yí. Bó bá yí fún ìṣẹ́jú 45 nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ dé agogo mẹ́rin ìdájí, á jẹ nǹkan bí 58. Bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ínfátà, 30. Gílóòbù àti fóònù, 11. Àpapọ̀ rẹ̀, 99. Ìṣirò ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣe é lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ti òtútù ńkọ́? Bí èèyàn bá fi tipátipá rọ iná sínú líthíọ́ọ̀mù tó ti dì, líthíọ́ọ̀mù náà kò ní í rí ọ̀nà wọlé síbi tó yẹ kó wọ̀, yóò lẹ̀ mọ́ ara ògiri inú bátìrì bí irin. Ìbàjẹ́ yẹn kò látùn-únṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ṣọ́ fi tìlẹ̀kùn. Ó lè fúnni níná nínú òtútù, àmọ́ kì í gbà.

Bàbá ti tún ilé rẹ̀ ṣe. Bátìrì ti kúrò níta, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, torí kì í yọ gáàsì bíi ti olómi tó bá ń gba ṣáàjì. Fíúsì ńlá wà lára wáyà pọ́sítíìfù, nítòsí bátìrì. Ṣájà tuntun tó ń gbé e dé fóòtì 14.4 ti dé. Ẹ̀rọ kékeré kan sì wà láàárín ọkọ̀ àti bátìrì, torí líthíọ́ọ̀mù lójú kòkòrò, ó lè fa iná títí tí ọtanétọ̀ ọkọ̀ á fi gbóná jù.

Mítà tó ń ka iná náà ti dé. Irin kan tí wọ́n ń pè ní shunt ló wà lára wáyà nẹ́gátíìfù. Ó dà bí akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu géètì gáráàjì, tó ń ka ọkọ̀ tó wọlé, tó ń ka èyí tó jáde. Ó mọ iye tó kù nínú ọgbà láìyọjú wò ó. Àmọ́ gbogbo wáyà nẹ́gátíìfù gbọ́dọ̀ gba ẹnu géètì yẹn kọjá. Bí ẹyọ kan bá gba ẹ̀yìnkùlé lọ sára bátìrì, ìwé akọ̀wé ti bàjẹ́ nìyẹn. Èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé 100 ni bátìrì, kó sì máa jẹ́ kí bátìrì kún dẹ́nu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìṣirò rẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Texas yìí kan náà, ní yunifásítì tó wà nílùú Austin, ni John Goodenough àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti kọ́kọ́ kéde irú líthíọ́ọ̀mù onírin yìí lọ́dún 1997. Bàbá náà gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2019, lẹ́ni ọdún 97. Ó kú lọ́dún 2023, lẹ́ni 100 ọdún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi líthíọ́ọ̀mù sídìí ínfátà n'Íbàdàn, l'Ékòó, l'Ábẹ́òkúta, yìnyín kì í bọ́ sílé tiwa, ooru ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Àmọ́ ti fóòtì yẹn kò yàtọ̀. Ẹ bi rewáyà yín léèrè: "Kí ni mítà mi ń kà? Ṣé fóòtì lásán ni, àbí iye tó wọlé àti iye tó jáde?" Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má tíì sanwó tán.

Màmá ti padà s'Íléṣà. Tí ọkọ ọmọ rẹ̀ bá fi fóònù pè é, ọ̀rọ̀ kan ló máa ń kọ́kọ́ bi í: "Ọkọ ọmọ mi, ó ku mélòó nínú bátìrì?" Bàbá á sì yọjú wo mítà, á sọ iye rẹ̀ fún un, láìfi ẹyọ kan pamọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé ńkọ́? Nínú bàbá tó kọ̀ mítà àti ọmọ tó sọ tẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó dákẹ́, ta lẹ ó dá lẹ́bi? Ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀.