Ọ̀gá Nìkan Kọ́ Ló Ń Tún Ọkọ̀ Ṣe

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ yín rèé o.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló gbà pé ariwo ni iṣẹ́. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á ti máa jágbe mọ́ ọmọṣẹ́: "Olódo! Olórí kunkun! Ta ló bi ọ́ léèrè?" Bó bá dìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kò tíì kúrò nílẹ̀, oníbàárà ti ń bínú. Wọ́n á wá ní ọmọ òde òní kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ṣé ọmọ nìkan ló jẹ̀bi? Rárá o!

Ẹ wo Snake Island, erékùṣù tó gùn bí ejò tó dojú kọ Tin Can, lẹ́bàá Àpápá. Ibẹ̀ ni Nigerdock wà, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1986 fún iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, kó tó bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Kò sí ọ̀gá tó lè dá ọkọ̀ kan tún ṣe, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Tí ọkọ̀ bá ti kúrò nínú omi, àwọn kan á ha ìdọ̀tí àti ibi tó ti dógùn-ún. Wẹ́dà á gé irin tó ti jẹ, á jó tuntun mọ́ ọn. Ẹlòmíràn á yẹ ojú ibi tí wọ́n jó wò bóyá ó dì dáadáa. Lẹ́yìn náà ni pẹ́ńtà á tó kun ún. Bí pẹ́ńtà bá lọ ṣáájú wẹ́dà, iná á jó ọ̀dà, owó á ṣòfò.

Èyí tó léwu jù ni iṣẹ́ inú táńkì. Táńkì tó ti gbé epo rí, bí epo tilẹ̀ tán níbẹ̀, afẹ́fẹ́ epo lè ṣì wà níbẹ̀. Iná bíńtín, ó ti bú gbàmù! Ìdí nìyí tí òfin iṣẹ́ ọkọ̀ kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni tanná níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tó kéré jù níbi iṣẹ́, tó bá gbóòórùn epo, gbọ́dọ̀ lè sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ dúró ná." Ṣùgbọ́n bó bá ń bẹ̀rù ìgbájú, á panu mọ́. Ẹnu tó pa mọ́ yẹn lè sọ ìyàwó ilé di opó. Kì í sì í ṣe ọkọ̀ ńlá nìkan o. Ẹ̀yin tí ẹ ń jó táńkì mọ́tò àti dírọ́ọ̀mù epo létí títì ńkọ́? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ náà mọ ọ̀rọ̀ yìí, torí ìlú bọ́ọ̀lù ni ìlú wọn. Ibẹ̀ ni Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù dàgbà. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa olóògbé Stephen Keshi, tó kú ní 2016. Nígbà tó kó Super Eagles lọ sí South Africa ní 2013, ó fi àwọn kan tó lórúkọ sílẹ̀, ó mú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí lọ. Ìdíje bẹ̀rẹ̀, ọ̀mì ni: 1-1 pẹ̀lú Burkina Faso, 1-1 pẹ̀lú Zambia. Ariwo sọ! Síbẹ̀ Keshi kò kó ọkàn kúrò lára àwọn ọmọ náà.

Wọ́n na Ethiopia 2-0, wọ́n na Ivory Coast 2-1, wọ́n na Mali 4-1. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì, ní Johannesburg, wọ́n tún pàdé Burkina Faso. Ta ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi gba ife? Sunday Mba ni, ọmọ ilé! Òun náà ló gbá èyí tó lé Ivory Coast lọ sílé. Láti 1994, nígbà tí Keshi fúnra rẹ̀ jẹ́ kápútìnì, Nàìjíríà kò rí ife yẹn gbà mọ́. Keshi kò sì lé àwọn àgbà dànù o: Enyeama wà lójú ilé, Mikel wà láàárín, Emenike wà níwájú. Ó kàn mọ ibi tí oníkálukú wúlò sí ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbọ́. Èkínní, ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyá onírẹsì tó ní ọmọ mẹ́ta ní ìsọ̀, kí ọ̀kan máa wọ̀n ọ́n, kí ọ̀kan máa gbowó, kí ọ̀kan máa gbẹ́rù. Bí gbogbo wọn bá ń gbowó, owó á sọnù, kò ní sí ẹni tí wọ́n á bi. Èkejì, ẹ máa gbọ́ ẹnu ọmọṣẹ́. Òun ló ń di ẹ̀rọ mú, òun ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti ń dún gbì-gbì. Ẹ̀kẹta, bí iṣẹ́ bá dára, ẹ yìn ín lójú oníbàárà. Bí kò bá dára, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ bá a wí.

Ẹlòmíràn á ní, "Bí mo bá fojú rere wo ọmọṣẹ́, á gùn mí lórí." Irọ́ ni! Keshi fojú rere wo ọmọ kékeré, síbẹ̀ ó fi gbajúmọ̀ sílẹ̀. Òfin táńkì náà kò mojú ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọ̀gá pátápátá. Ká gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ kò ní ká má fòfin dè é.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ pe ẹni tó kéré jù níbẹ̀, kẹ́ ẹ bi í pé: "Kí ló ń dí ọ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́ yìí?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Bí kò bá lè la ẹnu, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyẹn.