Ẹsẹ Ògúndá Méjì àti Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Wúwo



Nínú gbogbo ẹsẹ Ifá tí ó sọ̀rọ̀ Orí, mo rò pé ti Ògúndá Méjì ni a ń kì jù fún ẹni tí ìdààmú ọkàn bá dé bá. Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà léèrè ẹni tí ó lè bá olùsìn rẹ̀ rin ìrìn àjò jíjìn, àní dé òkè òkun, tí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ní òun lè ṣe é. Nígbà tí wọ́n wá dárúkọ oúnjẹ tí yóò bá ní Kòso, ó ní bí òun bá yó tán, òun yóò padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni Ọya nípa Irá, bẹ́ẹ̀ ni Ògún nípa Ìrè. Orí nìkan ni kò padà.

Ibi tí a ti ń ṣìnà nìyí. A ó kì í tán, a ó sì sọ fún ẹni tí kò rí oorun sùn láti ọ̀sẹ̀ méjì pé kò sí ẹni tí ó lè gbà á àfi Orí rẹ̀, kí ó lọ bọ ọ́. Yóò padà sí Lẹ́kkí Phase 1, sí fúláàtì tí òun nìkan ń gbé, níbi tí ó jẹ́ pé mẹ́gádì nìkan ló mọ orúkọ rẹ̀, yóò sì gbà pé Ifá ló ní kí òun dá ẹrù náà gbé.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó kan Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ nínú ẹsẹ náà, òun pẹ̀lú ní bí òun bá dé òkè Ìgẹ̀tí tí òun sì yó, òun yóò padà. Ọ̀rọ̀ wá pèsì jẹ. Babaláwo dákẹ́, ó jẹ́wọ́ pé òun kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ kí a la òun lọ́yẹ. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Orí, ẹnìkan ti kọ́kọ́ sọ pé apá òun kò ká a, kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Awo ni ẹni náà. Mélòó nínú wa ló ń kì í dé ibẹ̀ kí ó tó gba owó?

Ìbọrí pàápàá, bí a ti ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilé, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan. Ẹlòmíràn ni í fi obì kan ẹni tó ń bọrí níwájú orí, tí ó sì ń wúre. Àwọn tó jókòó ní í ṣe àṣẹ, tí wọ́n sì jùmọ̀ ń jẹ obì náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, mọ èyí dáadáa. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Aró ní 1954, dípò kí ó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Aláìsàn gbọ́dọ̀ ní ìbátan kan tó bá a wá, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, kò sì tìtorí wọn fi abẹ́rẹ́ àti oògùn òyìnbó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ó yẹ kí àwa náà mọ ibi tí agbára ewé wa mọ. Asofẹ́yẹjẹ ni àwọn baba wa fi ń tọ́jú wèrè; ó ń mú ara ẹni tó ń jà rọlẹ̀, kí ó lè sùn. Àwọn oníṣègùn òyìnbó rí oògùn reserpine nínú irú igi yìí. Ṣùgbọ́n oògùn yìí kan náà ni wọ́n ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe fún ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà, nítorí ó lè dá kún un. Ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn, tí ó ti dákẹ́ jù, ara rẹ̀ ti rọlẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Awo tó bá pe méjèèjì ní àrùn kan náà lè ṣe ìpalára ńlá.

Ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń tì mí lójú. Nígbà tí Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde ní 2019 nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n ń dè mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀. Kí a má ṣe wí pé àwọn yòókù náà ń ṣe é.

Ní Aró, abúlé ti wà nílẹ̀ kí Lámbò tó dé. Lẹ́kkí Phase 1 kò ní agboolé. Gíétì ni, àti fẹ́ǹsì, àti ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí ìrònú bá wọ̀ lára níbẹ̀ lè lo ọjọ́ márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni òmíràn ń kọ́kọ́ wá, ní òru, nítorí ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà rí i ní Yábàá. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti wà níbẹ̀, Èkó sì ti sọ orúkọ ibẹ̀ di èébú.

Mo bẹ gbogbo awo tó wà láti Lẹ́kkí dé Ajah: kí ẹ tó ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ nílẹ̀, ẹ bi í léèrè. Ṣé o ń rò ó láti pa ara rẹ? Ta ló mọ̀ pé o wá síbí? Ta ni yóò bá ọ gun afárá lọ sí Yábàá lọ́la? Bí kò bá rí orúkọ ẹnikẹ́ni dá, kí awo fúnra rẹ̀, tàbí ọmọ awo rẹ̀ kan, bá a lọ. Bí ó bá sì ti ń ronú àtikú, kí ó má ṣe dá nìkan sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹbọ lè dúró títí wọn yóò fi dé.