Ọwọ́ Ta Ló Lu Fàdákà Yìí?

Yorùbá ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ṣoṣo, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni èmi náà fẹ́ lù lónìí, ẹ má bínú bí ariwo òòlù mi bá ń dí yín létí. Àwọn tó ń kó abọ́, ṣíbí, kọ́ọ̀pù àti ìkòkò tíì fàdákà àtijọ́ jọ ni mo fẹ́ bá wí, pàápàá àwọn tó ń wá fàdákà Arts and Crafts kiri, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1880 títí dé ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ làwọn fẹ́ràn. N ò gbà. Àpá òòlù ni wọ́n fẹ́ràn. Ọwọ́ tó di òòlù mú, wọn ò bèèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Birmingham àti Sheffield. Ẹnìkan á dúró sídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ni á máa ṣe, kò ní mọ bí àwo tó ń ṣe ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sì ní mọ bó ṣe parí. John Ruskin bínú sí èyí. Nínú ìdìpọ̀ kejì ìwé rẹ̀, The Stones of Venice, tó jáde ní 1853, ohun tó ń sọ ni pé ẹni tí ẹ bá fipá mú láti máa ṣe nǹkan tó dán gbinrin lójoojúmọ́ láìfi ọgbọ́n ara rẹ̀ sí i, irinṣẹ́ lẹ ti sọ ọ́ dà, ẹ ò kà á sí èèyàn mọ́. Ó sàn kí ojú iṣẹ́ má jọ̀lọ̀, kí èèyàn sì wà nínú rẹ̀. William Morris gba ọ̀rọ̀ yìí, ó sọ ọ́ di ìwàásù. Ẹ ṣàkíyèsí o: kì í ṣe àwo ló ń dun àwọn bàbá yìí, ẹni tó ń ṣe àwo ni.

Ibẹ̀ ni àpá òòlù ti wọ ọ̀rọ̀. Bí alágbẹ̀dẹ fàdákà bá fẹ́ fi ọwọ́ ṣe abọ́, fàdákà pẹlẹbẹ ló máa mú, á gbé e lé orí irin, á máa fi òòlù lù ú yípo yípo. Bó ṣe ń lù ú ni fàdákà ń le sí i. Bí kò bá dá a padà sínú iná kó rọ̀, á là. Nítorí náà, á lù ú, á fi iná rọ̀ ọ́, á tún lù ú, títí ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ á fi ní ikùn, tí á ní ọrùn, tí á ní ẹnu. Ní ìparí, á mú òòlù tí ojú rẹ̀ ń dán, á fi tẹ́ gbogbo ara rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó ṣáájú máa ń pa àpá òòlù rẹ́ pátápátá, oníbàárà ò gbọdọ̀ rí i. Àwọn Arts and Crafts ló ní, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń jẹun mọ̀ pé èèyàn ló ṣe é. Ẹ̀rí ni àpá yẹn, bí àtàǹpàkò tí èèyàn tẹ̀ sórí ìwé àdéhùn.

Ẹ̀rí náà kò pẹ́ di ọjà. Ilé ìtajà Liberty ní Regent Street, London, tí Arthur Lasenby Liberty dá sílẹ̀ ní 1875, gbé fàdákà kan jáde ní 1899, wọ́n pè é ní Cymric. Ilé iṣẹ́ W. H. Haseler ní Birmingham ló ń bá wọn ṣe é. Ẹ̀rọ ló tẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde, kí wọ́n tó wá fi òòlù ṣe é lójú kó lè jọ iṣẹ́ ọwọ́. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òòlù, wọ́n tún wá yá àpá òòlù lò láti fi tà á.

N ò sọ pé kò lẹ́wà o. Archibald Knox, ọmọ Isle of Man, ló yàwòrán èyí tó dára jù nínú wọn. Ìlà rẹ̀ á lọ́, á wé mọ́ra bí ìtàkùn, tánganran aláwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé á máa tàn láàárín rẹ̀. Ẹni tí ìyẹn ò bá wù, ojú ẹ̀ ló ń dùn ún. Ṣùgbọ́n Liberty kì í fi orúkọ àwọn ayàwòrán rẹ̀ sórí ọjà. Liberty nìkan ni oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ̀. Lónìí, orúkọ Knox ti jáde, bí wọ́n bá sì dá a ní gbàǹjo, owó á fò sókè. Ó dáa, inú mi dùn fún Knox. Àmọ́ orí bébà ni Knox ti ṣe tiẹ̀. Ta ló jó o pọ̀ ní Birmingham? Ta ló da tánganran sí i, tó gbé e wọnú iná láìjẹ́ kó sán? Ẹ bi olùkójọ, á ní "Knox".

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí C. R. Ashbee ṣe. Ní 1888, ó dá Guild of Handicraft sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn London, níbi tí àwọn tálákà pọ̀ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ìpín nínú èrè, wọ́n sì ní ohùn nínú bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Ní 1902, wọ́n kó ẹrù, tìyàwó tọmọ, lọ sí Chipping Campden, ìlú kékeré kan ní Gloucestershire. Abọ́ wọn, tí etí rẹ̀ jẹ́ okùn fàdákà tín-ín-rín tó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrùn ẹyẹ, làwọn èèyàn ń forí gbárí lé lórí lónìí. Nígbà tó fi máa di 1908, ilé iṣẹ́ náà ti wọ gbèsè, ó ti tú ká. Ashbee kò fi bò: àwọn ilé ìtajà ńlá tó ń ta ohun tó jọ tiwọn ní owó pọ́ọ́kú wà lára ohun tó pa wọ́n. Nítorí náà, bí mo bá rí àpótí dígí tí abọ́ Guild àti abọ́ Cymric jókòó sí bí ọmọ ìyá, tí onílé ń sọ fún àlejò pé "iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo wọn", ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi. Olóko àti ẹni tó gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́ ni wọ́n jọ tò yẹn.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti Omar Ramsden. Ọmọ Sheffield ni. Òun àti Alwyn Carr jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní London lọ́dún 1898, wọ́n pínyà ní 1919, Ramsden sì ń bá iṣẹ́ lọ títí ó fi kú ní 1939. Ó máa ń kọ ọ́ sára fàdákà rẹ̀ ní èdè Látìnì pé OMAR RAMSDEN ME FECIT, ìyẹn ni pé "Omar Ramsden ló ṣe mí". Ẹ gbọ́ ná, abọ́ ń sọ̀rọ̀, abọ́ sì ń purọ́. Àwọn oníṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ ló ń lu fàdákà. Ramsden mọ bí a ṣe ń wá oníbàárà, ó sì mọ ohun tí olówó fẹ́. Leslie Durbin, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wà lára àwọn tí ọwọ́ wọn wà nídìí orúkọ yẹn. Durbin rí ọ̀nà tirẹ̀ lẹ́yìn náà: ó ṣiṣẹ́ fàdákà sára idà tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ta ìlú Stalingrad lọ́rẹ ní 1943, òun náà ló sì yàwòrán ẹ̀yìn owó ẹyọ pọ́n-ùn kan tí wọ́n gbé jáde láti 1984 sí 1987. Ó dáa fún Durbin. Àwọn yòókù ńkọ́?

Ẹnìkan á ní, "Àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òfin kọ́ ló ní kí wọ́n lù ú?" Òótọ́ ni. Kìnnìún tó ń rìn sọ fún yín pé fàdákà inú rẹ̀ jẹ́ 925 nínú 1000. Ìdákọ̀ró sọ pé Birmingham ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, adé sọ pé Sheffield, orí ẹkùn sọ pé London. Lẹ́tà kan sọ ọdún. Ṣùgbọ́n lẹ́tà orúkọ tó wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó gbé ọjà wá fún àyẹ̀wò ni. Kò sọ pé òun ló ṣe é. Olùkójọ tó fi ogún ọdún ka àmì wọ̀nyí láìmọ ìyẹn, bí ẹni tó ń ka ẹ̀yìn àpò ìwé tí kò ṣí lẹ́tà inú rẹ̀ wò ló rí.

Ẹ má sì sọ fún mi pé bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn. Arthur Stone, ọmọ Sheffield kan náà, ti kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1884. Ó ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Gardner, Massachusetts, ní 1901. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ara rẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n lu lẹ́tà orúkọ oníṣẹ́ tó ṣe abọ́ náà sí i. Lẹ́tà kan péré! Eélòó ló ná an? Ó ṣeé ṣe nígbà yẹn. Àwọn tí kò ṣe é, wọn ò fẹ́ ṣe é ni.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní bí kì í bá ṣe àwọn olùkójọ ni, gbogbo rẹ̀ ì bá ti yọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1980, owó fàdákà fò sókè débi pé ìwọ̀n áúǹsì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 dọ́là. Àìmọye ìkòkò tíì àti ṣíbí ló wọ iná lákòókò yẹn, torí pé fàdákà ara wọn ti wọ́n ju iṣẹ́ ara wọn lọ. Ẹni tó kọ̀ tí kò gbé tirẹ̀ lọ, mo kí i, ó ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ ọmọ nínú iná, ṣé ó wá yẹ kó tì í mọ́lé títí ayé ni? Ṣíbí tí kò dé ẹnu, kí ni wọ́n gbà là? Oúnjẹ ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe wọ́n. Ṣíbí tí wọ́n ń fi jẹun, tí wọ́n ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ̀, tí wọ́n sì ń nù gbẹ, kì í tètè dúdú. Èyí tó wà nínú àpótí ló ń dúdú, tí wọ́n á wá máa fi oògùn ìdán bó lára, títí àpá òòlù tí wọ́n torí ẹ̀ rà á á fi parẹ́. Ẹ kàn má fi iyọ̀ sílẹ̀ sára rẹ̀ mọ́jú, ẹ má sì fi jẹ ẹyin, torí ẹyin máa ń sọ ọ́ di dúdú.

Àwọn kan nínú yín á ti máa bèèrè pé, kí ló kan Yorùbá nínú fàdákà òyìnbó? Ó kàn wá. Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà Ìkẹ̀rẹ́. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, ó sì dé British Museum. Ilẹ̀kùn náà ti di ìran àpéwò kí orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ tó tàn. Títí dòní, ẹ ṣì máa rí ère nínú àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí òkè òkun tí wọ́n kọ "Yorùbá" sí lábẹ́, tí orúkọ agbẹ́gilére kò sí níbẹ̀, bí ẹni pé gbogbo ìran wa ló jọ di ọ̀bẹ mú. A máa ń bínú sí i, ó sì yẹ ká bínú. Àmọ́ ọmọ Yorùbá tó ń gbé London, tó bínú sí àkọlé yẹn, tó wá lọ ra abọ́ Ramsden láìbèèrè ẹni tó lù ú, ìbínú rẹ̀ kò tíì dé gbòǹgbò. N ò ní wọ́n dọ́gba, ìjọba àmúnisìn wà nínú ti Olówè. Ìwà yẹn ló jọra: kí iṣẹ́ máa tàn, kí oníṣẹ́ máa ṣókùnkùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bi òǹtajà léèrè ọwọ́ tó ṣe é, kí ẹ sì bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá mọ̀, kó kọ ọ́ pé òun ò mọ̀, kó má kọ orúkọ ọ̀gá sí i bí ẹni pé ọ̀gá ló gbé òòlù. Bí owó yín bá ká ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ ra ṣíbí kékeré tó ní lẹ́tà oníṣẹ́ lára, kí ẹ fi àwo ńlá tó ní orúkọ ọ̀gá sílẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ lóòótọ́, ọwọ́ alààyè wà. Ní Chipping Campden yẹn náà, ìdílé George Hart, tó bá Guild ṣiṣẹ́, ṣì ń lu fàdákà nínú ilé tí Ashbee lò. Owó tí ẹ bá san lórí Ramsden lónìí, Ramsden ò ní rí i, àwọn tó bá a lu fàdákà náà ò ní rí i, àwọn oní-gbàǹjo ló ń jẹ ẹ́. Owó tẹ́ ẹ bá san fún ẹni tó ń lu fàdákà lọ́wọ́, òun ni á fi jẹun.

Kẹ́ ẹ sì fi abọ́ yín jẹun. Bí àlejò bá yìn ín, tó ní "ó mà dára o, ta ló ṣe é?", kó jẹ́ pé ẹ ní orúkọ tẹ́ ẹ máa dá a lóhùn. Bí ẹ ò bá ní, ẹ sọ fún un pé ẹ ṣì ń wá a.