Ẹmu tiwa ńkọ́? Ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ jókòó díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn.

Ṣé ẹ rántí ìròyìn wáìnì ọdún 2025 yẹn? Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ PAN Europe yẹ wáìnì 49 wò láti orílẹ̀-èdè 10 ní Yúróòpù. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní TFA ni wọ́n ń wá. Nínú àwọn tí wọ́n ti ṣe ṣáájú 1988, wọn ò rí i rárá. Nínú ti 2021 sí 2024, tí wọ́n bá pín in dọ́gba, máíkírógíráàmù 122 ló wà nínú lítà kan. Òmíràn kọjá 300.

Ara àwọn oògùn oko kan àti gáàsì inú fíríìjì àti eésì ló ti ń wá. Àwọn yẹn máa ń jẹrà, TFA tó ṣẹ́kù ni kì í jẹrà. Òjò á gbé e wọlẹ̀, gbòǹgbò á fà á pẹ̀lú omi, omi á gba ojú ewé jáde lọ, òun á jókòó sínú igi.

Mo rí àwọn èèyàn wa tó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹmu làwa ń mu ní tiwa jàre." Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ara mi bù máṣọ.

Ẹmu ńkọ́? Ṣebí omi igi lòun náà? Ohun tí gbòǹgbò ọ̀pẹ mu la fi akèrègbè gbà. Ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ ilẹ̀ Okun sì wà láàárín oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fín oògùn koríko sí. (Mi ò bú àgbẹ̀ o. Àwa ọmọ ti sá lọ Àbújá àti Èkó, ta ló fẹ́ bá bàbá ẹni àádọ́rin ọdún roko? Oògùn yẹn ló di ọmọ fún wọn.)

NAFDAC ti fòfin de paraquat láti January 2024, atrazine láti January 2025. Ó dáa. Ṣùgbọ́n Jámánì ti fòfin de atrazine láti 1991, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ṣì ń bá a nínú omi abẹ́ ilẹ̀ wọn. Òfin kì í fọ ilẹ̀.

Ti kẹ́ẹ̀gì tiẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ń ya fídíò lọ́jà ní Kàbà, mo rí ẹmu nínú kẹ́ẹ̀gì kan, àwòrán agbárí ṣì wà lára ẹ̀.

"Ẹ̀yin Màmá, kẹ́ẹ̀gì oògùn koríko rèé o."

"Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

Òótọ́ ni, ó fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ike máa ń fa oògùn mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí FAO àti WHO fi ní ká dá a lu, ká má fi gbé omi tàbí oúnjẹ láé. Mo ra kẹ́ẹ̀gì yẹn lọ́wọ́ wọn, mo fọ̀bẹ gún un. Mo pa fídíò náà rẹ́, torí mo mọ irú èébú tẹ́ ẹ máa bú wọn.

Ẹ má sọ pé mo ní ẹmu Kàbà ti bàjẹ́ o. Ẹ rántí Òde-Ìrèlè, April 2015. Èèyàn tó lé ní 15 kú, ojú àwọn mìíràn fọ́. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. WHO fúnra ẹ̀ kọ́kọ́ fura sí oògùn koríko. Ìgbà tí wọ́n ṣàyẹ̀wò ni wọ́n tó rí i pé methanol ni, inú ògógóró ló wà. Tìyẹn tiẹ̀ pariwo, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti pààyàn. Èyí tí mò ń sọ kì í pariwo.

Kí NAFDAC wá bu ẹmu àti omi kànga ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n gbé èsì síta fún gbogbo wa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Kàbà níbí, àwọn náà lè dá sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bọ̀ nílé fún ìgbéyàwó ní December, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tuntun kan dání fún ẹlẹ́mu yín. Mo ti ra méjì.