Ọwọ́ Tó Tó Pẹpẹ Lẹ́bàá Bẹ́ẹ̀dì Aláìsàn

Sẹ́ńtírà láìnì ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí dókítà máa ń tì bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá láti ọrùn, láti abẹ́ egungun tó so ọrùn mọ́ èjìká, tàbí láti itan. Òun ni wọ́n ń lò bí iṣan apá bá ti sá pamọ́, tàbí bí oògùn bá le ju èyí tí iṣan kékeré lè gbà. Ọ̀nà tí Sven-Ivar Seldinger, dókítà ará Sweden, gbé jáde lọ́dún 1953 ni wọ́n ṣì ń tọ̀: abẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ wọlé, wáyà á gba inú rẹ̀ kọjá, wọn á yọ abẹ́rẹ́, rọ́bà á sì gba orí wáyà wọlé.

Iṣẹ́ yìí ni òwe àwọn àgbà bá mu rẹ́gí, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí dókítà bá ti fọwọ́, tó wọ ìbọ̀wọ́ tí kò ní kòkòrò, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà lẹ́yìn aṣọ mímọ́ tí wọ́n tẹ́ bo aláìsàn. Bí omi iyọ̀ tí wọn yóò fi ṣan rọ́bà bá wà lórí tábìlì kejì, ó di kí ẹlòmíì bá a mú un. Nọ́ọ̀sì ló ń nawọ́ sí i. Òun ló ń rẹ orí bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ kí atẹ́gùn má baà wọ iṣan ọrùn. Òun náà ló ń ṣọ́ bí aláìsàn ṣe ń mí lábẹ́ aṣọ.

Ní tíátà, ènìyàn àti irinṣẹ́ wà nítòsí. Ní wọ́ọ̀dù, àyè lè há, iná lè má mọ́lẹ̀ tó, nọ́ọ̀sì kan sì lè máa tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn. Síbẹ̀ ewu kan náà ni. Abẹ́rẹ́ lè ṣi iṣan gún, ó lè lu ẹ̀dọ̀fóró, wáyà lè yọ́ wọlé tán, kòkòrò sì lè bá rọ́bà wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Òwe yìí kò mọ sórí ọwọ́ nìkan. Ó kan ẹnu pẹ̀lú. Lọ́dún 2001, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, dókítà Peter Pronovost to ohun márùn-ún sílẹ̀: kí dókítà fọwọ́, kó fi oògùn chlorhexidine nu awọ ara, kó tẹ́ aṣọ bo aláìsàn látòkè délẹ̀, kó yẹra fún itan bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sì yọ rọ́bà tí kò wúlò mọ́. Wọ́n fún nọ́ọ̀sì láṣẹ láti dá dókítà dúró bó bá fo ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe tó lé ní 100 ní Michigan, ìròyìn ọdún 2006 fi hàn pé ìpíndọ́gba àkóràn já wálẹ̀ láti 7.7 sí 1.4 fún ọjọ́ 1,000 tí rọ́bà fi wà lára, láàárín ọdún kan ààbọ̀.

Ohun tí wọ́ọ̀dù náà lè ṣe kò ṣòro. Kí ẹ̀rọ ọtírásáǹdì fi iṣan hàn kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Kí nọ́ọ̀sì fojú rí wáyà tó jáde. Kí x-ray jẹ́rìí ibi tí rọ́bà ọrùn dúró sí. Kí wọ́n sì máa béèrè lójoojúmọ́ bóyá ó ṣì wúlò. Bí ẹnì kejì kò bá sí, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ kánjúkánjú, kí wọ́n gbé aláìsàn lọ síbi tí ẹnì kejì wà.