OKO KÌ Í ṢE “BUSH”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń bí mi nínú láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn kí n tó mú gègé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, kò ju lẹ́tà mẹ́rin lọ: “bush”. Bí ẹnìkan kò bá mọ ìwà hù láwùjọ, a ó ní “bush” ni. Bí aṣọ ẹnìkan kò bá bá ìgbà mu, “bush” ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wí pé Èjíòkú ni òun ti wá, tàbí Akànràn, àwọn tí ó jókòó tì í yóò bú sẹ́rìn-ín pé ará “bush” dé. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ fi hàn pé àwọn tí ń lo ọ̀rọ̀ náà kò mọ̀ ọ́n, àti pé ó ti mú wa pàdánù ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè pé ọmọ ta ni. Kì í ṣe ọmọ bàbá kan ṣoṣo. Èyí àkọ́kọ́ ni igi kúkúrú tí ẹ̀ka rẹ̀ ta jáde láti ìdí. Ó ní ìbátan ní ilẹ̀ Jámánì, ó ní ní Họ́láńdì, ó sì ní ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń pe igbó ní “bois”. Láyé àtijọ́, àwọn tí ń ta wáìnì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa so ìdì ewé kọ́ ẹnu ọ̀nà wọn kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lè mọ ibi tí yóò yà sí. “Bush” ni wọ́n ń pe ìdì ewé náà pẹ̀lú. Títí dé ibẹ̀, kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tí àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí gba ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó yí padà. Àwọn ará Họ́láńdì tẹ̀dó sí Gúúsù Áfíríkà ní 1652. Ó sì dà bí ẹni pé lára èdè tiwọn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ ọ láti máa pe gbogbo ilẹ̀ tí Òyìnbó kò tíì kọ́lé sí ní “bush”. Àwọn ọdẹ tí ó ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí àlejò tó dé, àwọn ni wọ́n sọ di “ènìyàn bush”. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ aṣọ èébú nìyẹn, aṣọ náà ni ó sì wọ̀ wá bá wa.

Èyí kejì kò bá ti àkọ́kọ́ tan rárá. Ẹ lọ bá mẹkáníìkì kí ẹ wí fún un pé ẹsẹ̀ mọ́tò yín ń dún. Yóò ní kí ẹ lọ ra búùṣì, èyíinì ni rọ́bà róbótó tí irin ń yí nínú rẹ̀. Èdè Họ́láńdì ni búùṣì yìí náà ti wá, ṣùgbọ́n àpótí ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe igi. Ọ̀rọ̀ náà tún jẹ́ orúkọ ìdílé. Orúkọ oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan, Irving T. Bush, ni a fi sọ ilé ńlá Bush House ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí BBC ti ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ títí di 2012. Bush méjì ni ó sì ti jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà, bàbá àti ọmọ. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní ará oko.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ kan yìí gbé mì nílé wa. Ẹgàn ni igbó tí àdá kò tíì kàn. Ijù ni ibi tí ó jìnnà débi pé ọdẹ pàápàá ń rò ó kí ó tó wọ̀ ọ́. Ọ̀dàn ni ibi tí koríko ti pọ̀ ju igi lọ. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ ẹ̀bá odò tí a ń gbin ẹ̀fọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oko ni ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti ro. Àwa ará Ìbàdàn sì tún ya oko etílé sọ́tọ̀ kúrò lára oko ẹgàn. Abà ni ibi tí a kọ́lé sí láàárín oko. Ẹ kó gbogbo wọn lọ bá ẹni tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì yangàn, “bush” kan ṣoṣo ni yóò fi dá yín lóhùn. Èwo nínú èdè méjèèjì ni ọ̀rọ̀ kò tó? Ẹ má sì gbàgbé pé Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sá fún “bush”, kí ó kọ́kọ́ yí orúkọ ìlú rẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìgbéraga èdè ni mo ṣe ń bínú. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ kan wá sí oko bàbá mi ní apá Akànràn nítorí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ là. Wọ́n ka kòkó, wọ́n ka obì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé apá òsì, èyí tí bàbá mi ti fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin kí ilẹ̀ lè sinmi, wọn kò wọ inú rẹ̀. Ọ̀gá wọn dúró létí ibẹ̀, ó na gègé sí i, ó kọ ọ̀rọ̀ kan. Bàbá mi ní kí n ka ohun tí ó kọ fún òun. Lẹ́tà mẹ́rin náà ni.

Mo ní, “Bàbá, wọ́n ní igbó ni.”

Bàbá mi wò mí. Ó ní, “Igbó ta ni?”

N kò lè dáhùn. Pèrègún tí bàbá rẹ̀ gbìn sí ààlà wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ tí à ń kọ wà níbẹ̀, àpọn tí ìyá mi ń ṣà wà níbẹ̀, poro ebè àtijọ́ sì ń hàn lábẹ́ koríko. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní bí ìjọba bá gba ilẹ̀ àgbẹ̀, ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ ni kí wọ́n sanwó rẹ̀: ilé, irúgbìn, àti iṣẹ́ tí a fi tún ilẹ̀ ṣe. Ta ni yóò wá ka irúgbìn nínú “bush”? Nígbà tí owó dé, kọ́bọ̀ kan kò sí fún apá òsì. Àwọn àgbà wí pé oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kí ó má ní ààlà. Oko ní ààlà, ó sì ní olówó. “Bush” kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti gbà.

Ẹnìkan yóò wí pé àwa náà ń bú ènìyàn ní ará oko. Òótọ́ ni, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Kì í sì í ṣe àwa nìkan. “Villain” tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ọ̀daràn, ará oko lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀ látijọ́. “Pagan” tí wọ́n fi ń pe abọ̀rìṣà, ará ìgbèríko ni lẹ́nu àwọn ará Róòmù. Níbi gbogbo, ẹni tí ó jẹ iṣu yó ní ìgboro a máa bú ẹni tí ó kọ ebè. Ìwà burúkú ni, ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ yìí: ará oko tí a bú ṣì ní oko. Ará “bush” kò ní nǹkan kan.

Ta sì ni àwọn tí a ń fi ṣẹ̀sín yìí? Owó kòkó wọn wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ó sì wà nínú Ilé Kòkó tí a parí ní 1965. Ní 1968 àti 1969, àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní Akànràn àti ní àwọn abà mìíràn káàkiri Ìbàdàn pé ẹrù owó orí ti wúwo jù. Tàfá Adéoyè wà lára àwọn olórí wọn. Ẹ̀mí ṣòfò, ṣùgbọ́n ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ti ìgbà náà dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Ọ̀mọ̀wé ìgboro kọ́ ni ó ṣe èyí fún wọn.

Lónìí, ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó ń gúnlẹ̀ sí Mọníyà, láti 2021. Ẹ lọ bèèrè iye tí ilẹ̀ di níbẹ̀. Ilẹ̀ kan náà tí ó jẹ́ “bush” lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní òwúrọ̀ a di púlọ́ọ̀tì lọ́wọ́ oníṣòwò ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, láìjẹ́ pé a gé igi kan níbẹ̀. Orúkọ ni ó yí padà, owó sì tẹ̀ lé orúkọ.

Nítorí náà, mo bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa. Bí ẹ bá ń túmọ̀ ìwé, ẹ má fi “bush” rọ́pò oko. Bí àwọn tí ń ka irúgbìn bá dé abà yín, ẹ bá bàbá yín rìn, ẹ sì rí i pé wọ́n wọ inú ilẹ̀ kí wọ́n tó kọ̀wé. Ẹ má sì ṣe bí mo ti ṣe, tí mo ka ìwé náà fún bàbá mi tí n kò sì jiyàn. Èsì tí ó yẹ kí n fún un, tí ó sì yẹ kí n fún ọ̀gá náà lójú ibẹ̀, ni pé: kì í ṣe igbó, oko wa tí ń sinmi ni.