Kí Ènìyàn Jẹun Yó Kí Ọkọ̀ Tó Mu

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ wa gbogbo, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò yẹ kí a fi sílẹ̀ fún àwọn olówó nìkan. Ní ọdún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí a máa pọn ọtí líle láti ara ẹ̀gẹ́ àti ìrèké, kí a máa dà á mọ́ epo ọkọ̀, títí yóò fi tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Wọ́n ní àgbẹ̀ yóò là. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Òfin ọdún 2005 àti ti 2007 ni Amẹ́ríkà fi pàṣẹ irú àdàlù bẹ́ẹ̀. Lónìí, ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta àgbàdo wọn tí ń bọ́ sí ilé ìpọntí. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, àwọn ará Mẹ́síkò tú sí ìgboro nítorí ọ̀wọ́n àkàrà àgbàdo tí í ṣe oúnjẹ tálákà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ka ìpọntí Amẹ́ríkà mọ́ ohun tí ó fà á.

Àwọn mìíràn ní kí a gbin làpálàpá, pé kì í ṣe oúnjẹ, pé ilẹ̀ tí ó ti ṣá tó o. Àgbẹ̀ wo ni kò mọ làpálàpá nínú ọgbà rẹ̀? Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó so wọ̀ǹtìwọnti, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni wọn yóò wá.

Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún gómìnà ní agbára láti gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní orúkọ ire ìlú. Ohun ọ̀gbìn àti ilé orí ilẹ̀ ni a ó san owó rẹ̀, kì í ṣe iye ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Àgbẹ̀ tí a ṣèlérí ọrọ̀ fún lè di alágbàṣe lórí ilẹ̀ baba rẹ̀.

A kò lòdì sí epo ẹ̀gẹ́. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí a kọ́kọ́ lo èèpo ẹ̀gẹ́ tí ń jẹrà ní ibùdó gàrí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba oko àgbẹ̀ nítorí epo. Kí a bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dúnàádúrà iye owó kí wọ́n tó gbìn ín. Kí ilé ìpọntí sì dáwọ́ dúró nígbà tí gàrí bá wọ́n.

Ẹ gbé e dé ìpàdé wọ́ọ̀dù yín. Ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò, kí ó dáhùn ní gbangba: ikùn ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ bọ́, tàbí táńkì ọkọ̀?